Nígbà Tí Ọ̀tún Sùn, Tí Òsì Ń Ṣiṣẹ́

Bàtà ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Bàtà ọkùnrin ni, dúdú, wọ́n ti nù ún títí ó fi ń dán, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ bí ẹni pé ó ń dúró de ẹni tó ni ín. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó wà ní títì sì ṣí sílẹ̀ bí ìka mẹ́ta.

Ó fi èjìká tì í. Otútù ẹ̀rọ amúlétutù gbá a lójú, ariwo fáànù wẹ́wẹ́ sì kún etí rẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lókèèrè. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù irin tó ga fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àjà, ọkùnrin kan kúnlẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì kékeré mú, ìka rẹ̀ méjì sì ń tọ wáyà tín-ínrín aláwọ̀ ọsàn kan lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìka tọ ìlà ìwé kí ojú má baà fo ọ̀rọ̀ kan. Àwọn iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ tàn sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò mọ̀ rárá pé ènìyàn wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ o," ọmọbìnrin náà wí, kò sì sí káàárọ̀ kankan nínú ohùn rẹ̀. "Ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?"

"Ìn-ìn ún-ún," ni ọkùnrin náà fèsì.

"Ẹ kọ́kọ́ yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu."

Ó yọ ọ́. Ó fẹ́ dìde, ó forí gbá irin, ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú. Màmá tó ń gbálẹ̀ ló ṣí i fún mi. Wọ́n ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò tíì dé. Mo sì ti ń múra bí màá ṣe kí ìyá àgbà."

"Èmi ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́."

Ọkùnrin náà wò ó, ó rí i pé kò lè ju ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. "Áà," ó ní, ó ń fọwọ́ ra orí tó gbá mọ́ irin. "Orúkọ yẹn ti dàgbà jù yín lọ."

Ìbínú ni ọmọbìnrin náà ń wá lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹ̀rín ló bá níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà, yàrá yẹn sì ni ọkàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn kankan kì í dé ibẹ̀. Àwòrán egungun tó ṣẹ́, èsì àyẹ̀wò, àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fíríìjì, inú ẹ̀rọ ìpamọ́ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin náà ni gbogbo wọn ń gbé. Kọ̀ǹpútà ńlá mẹ́tàdínlógún ló ń mú nǹkan níbẹ̀ tó sì ń dá a padà, tọ̀sán-tòru. Láàárín àwọn kọ̀ǹpútà yìí àti ẹ̀rọ ìpamọ́ ni àpótí pẹlẹbẹ méjì wà tí gbogbo wáyà ń gbà kọjá. Súwíìṣì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó to wáyà ilé ìwòsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Wáyà, ló sọ ọ̀kan ní Ọ̀tún, tó sọ èkejì ní Òsì. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì, ọ̀kan sí Ọ̀tún, ọ̀kan sí Òsì. Bí súwíìṣì kan bá dákẹ́, iṣẹ́ á gba ara èkejì kọjá, dókítà tó ń wo àwòrán kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Bàbá Wáyà ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló gba ipò rẹ̀, òun ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́.

Ọ́fíìsì àgbà tó wà ní ìlú míì ló rán ọkùnrin náà wá. Sọ́fítíwìa tó ń darí súwíìṣì méjèèjì ti gbó, wọ́n ní kó fi tuntun sí i, kí iṣẹ́ má sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó kọ lẹ́tà, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun ń fẹ́. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa pè é ní Jẹ́jẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe?" Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bi í. "Ṣé ẹ fẹ́ bí wọn ni?"

"Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ìyókù, mo fẹ́ fi mọ àwọn wáyà."

"Gbogbo wáyà ló wà nínú ìwé. Bàbá mi ló kọ ọ́."

"Mo ti kà á. Ìkọ̀wé yẹn dùn ún wò." Ó tún ti mú wáyà míì. "Ṣùgbọ́n ìwé lọ̀tọ̀, wáyà lọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ tọ̀ wọ́n."

Bó ṣe di pé wọ́n jọ ń tọ wáyà nìyẹn. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kì í fi àlejò nìkan sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, ó sì sú u láti kàn jókòó máa wò. Òun a di ìdí wáyà mú lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, Jẹ́jẹ́ a wà níwájú súwíìṣì. Òun a fà á díẹ̀, bí ẹni fa ọmọ ní aṣọ.

"Ṣé èyí ni?"

"Òun ni. Ẹ rọra o, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ta ló ń sọ pé kí wọ́n rọra fà mí?"

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ náà gan-an. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọn a jókòó sórí àga gígùn tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ti ń ta, kí otútù yàrá ẹ̀rọ lè kúrò lára wọn. Búrẹ́dì àti tíì. Jẹ́jẹ́ a máa sọ̀rọ̀ àwọn ìlú tó ti gbé, níbi tí gbogbo ẹrù rẹ̀ kò ti ju àpò kan lọ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ náà sọ fún un nípa ìyá tirẹ̀, tó kú nínú ilé ìwòsàn yìí kan náà, ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Jẹ́jẹ́ kò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, kò sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó kàn gbé ife tíì tirẹ̀ tó ṣì gbóná sí i lọ́wọ́, ó gba èyí tó ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti nífẹ̀ẹ́ rí mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ló ń múni.

"Wáyà wo lẹ̀yin ń tọ̀ tó ń pa yín lẹ́rìn-ín báyìí?" ni Màmá Agbálẹ̀ bi wọ́n lọ́jọ́ kan. "Ẹ fi ọ̀kan hàn mí, kí èmi náà mú un lọ fún bàbá ilé mi."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ jáde. "Mo ti wọ yàrá ẹ̀rọ tó ogójì," ó ní. "Èyí nìkan ni mo ń tètè jí torí rẹ̀."

"Ẹ̀rọ wa dára tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ yín ti gbó. Olùtọ́jú rẹ̀ ni mo ń bá wí."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ yíjú sí ògiri kí ó má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dé èjìká rẹ̀, Jẹ́jẹ́ sì rí i níbẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ délé, ó bá bàbá rẹ̀ níwájú ilé, ó ń to ìṣó sínú agolo, ńlá sí ńlá, wẹ́wẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá ń gbọ́, ó ń to ìṣó, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi dé ibi orúkọ ọ́fíìsì tó rán ọkùnrin náà wá. Ọwọ́ bàbá dúró.

"Ọ́fíìsì yẹn?"

"Ẹ gbọ́ mi ná, bàbá mi."

"Ìwọ ni kó o gbọ́. Ọdún mọ́kànlá rèé tí wọ́n rán ẹnì kan wá, irú iṣẹ́ yìí kan náà. Ó ṣe Ọ̀tún. Mo ní kó dúró, kó ka ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan, kó rí i pé gbogbo wọn ti padà. Ó ní èmi bàbá yìí, kí ni mo mọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ Òsì. Odindi ọjọ́ kan ni gbogbo ẹ̀rọ fi dákẹ́, yèyé mi! Dókítà ń sá kiri pẹ̀lú bébà àti gègé bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí wọ́n jókòó láti wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi, orí èmi ló sọ̀ lé." Ó de agolo ìṣó. "Ẹni ọ́fíìsì yẹn kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé mi."

"Ṣé òun ló wá nígbà náà ni?"

"Igi kan náà ló so wọ́n."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe há nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti lọ, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù fún ara wọn. Àárọ̀, òun ló ń se tíì rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, òun ló ń ka ìwé ìròyìn sí i létí bí ojú bá ń dùn ún. Kò fẹ́ ọkọ tí yóò gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ọkọ. Bẹ́ẹ̀ni láti ẹnu bàbá náà nìkan ló ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ni tó ti inú wá. Ó ń wá a láàárọ̀, ó ń wá a nírọ̀lẹ́, títí ó fi sú bàbá.

"Ó dáa," bàbá wí. "Jẹ́ kó ṣe é ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí gbogbo ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ kan bá wúkọ́ lásán, kó gbé àpò rẹ̀ kó máa lọ. Bí kò bá sí èyí tó wúkọ́, màá gbọ́ ohun tó bá fẹ́ sọ. Gbígbọ́ ni mo sọ o."

Ó sáré lọ sọ fún Jẹ́jẹ́. "Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ní!"

"Aago mẹ́wàá ni mo ti kọ síwèé láti ọjọ́ kejì tí mo dé," Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. "Bàbá rẹ àti èmi, ó jọ pé a ti ń fẹ́ra wa ṣáájú kí n tó mọ̀ ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n dé orí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Jẹ́jẹ́ tọ wáyà rẹ̀ àkọ́kọ́: Ọ̀tún. Ó tọ èkejì. Ó padà sí ìdí rẹ̀, ó tún un tọ̀.

"Wá bá mi tọ̀ ọ́," ó ní.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tọ̀ ọ́. Ọ̀tún ni. Wáyà méjèèjì, Ọ̀tún ni wọ́n wọ̀. Ó ṣí ìwé bàbá rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ kedere, nínú ìkọ̀wé tó mọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ: ọ̀kan sí Ọ̀tún, ọ̀kan sí Òsì.

"Ká ní a tẹ̀lé ìwé ni," Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, "bí mo bá ti pa Ọ̀tún báyìí, kọ̀ǹpútà ẹ̀jẹ̀ lọ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sì wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ..." Kò parí rẹ̀.

"Yọ ọ̀kan, tì í bọ Òsì," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí kíákíá. "Ìṣẹ́jú kan ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Màá gbé e sí Òsì, dandan ni. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ ọ́ sínú ìròyìn iṣẹ́, bí mo ṣe bá a."

"Èyí tí ọ́fíìsì yín máa kà?"

"Wọ́n á kà á."

"Àwọn tó dá bàbá mi lẹ́bi ohun tí kò ṣe, o wá fẹ́ gbé èyí tó ṣe fún wọn lórí àwo?"

"Ọkàn mi—"

"Má pè mí lọ́kàn rẹ! Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ tí bàbá mi bá gbọ́ pé ìwọ lo kọ ọ́, ọ̀rọ̀ wa ti tán?"

"Mo mọ̀." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù irin. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi pamọ́, ẹni tó bá tẹ̀lé mi á gbà pé kò sí àṣìṣe nínú ìwé yìí rí, kò sì ní tọ wáyà kankan. Àti ìwọ náà. Bó bá di ọ̀la, tí mo sọ fún ẹ pé nǹkan kan dáa, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó dáa lóòótọ́?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ pa ìwé náà dé. Ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń bára wọn sọ nọ́ńbà nìkan. Ihò kejìlá lára súwíìṣì. Wáyà kejìdínlọ́gbọ̀n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan iná yẹn." Ó ti padà sí "ẹ", èyí sì dun Jẹ́jẹ́ ju kí ó bú u lọ.

"Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n fi kún ni," Màmá Agbálẹ̀ bèèrè, ó ń fa aṣọ mọ́ra, "àbí ẹ̀yin méjèèjì ni?"

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló tó yé Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ó ń po tíì fún bàbá rẹ̀, ó sì rí i pé òun ń gbé àṣírí kan kọjá níwájú bàbá òun. Kì í ṣe Jẹ́jẹ́ lòun ń bínú sí. Ara òun ni. Ó wọ yàrá, ó mú ìwé wáyà tó ti gbé wálé nínú àpò, ó ṣí i sí ojú ewé náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ife tíì.

"Bàbá mi, ẹ wo ìlà yìí. Wáyà méjèèjì, Ọ̀tún ni wọ́n wà."

Bàbá wò ó. Ó gbé ìka lé ìlà náà. "Ó dá ẹ lójú?"

"Mo fi ọwọ́ mi tọ̀ ọ́."

Tíì tutù. Ọmọ ilé kejì ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, gbọ̀ù, gbọ̀ù, wọ́n pè é wọlé, ó dáwọ́ dúró.

"Ihò kẹsàn-án," bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Lára Òsì. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí n ṣì gbé wáyà yẹn sí Ọ̀tún fún wákàtí kan, kí n fi wá ihò míì fún un. Ni wọ́n bá sáré wá pè mí láti wọ́ọ̀dù ìyá rẹ." Ó pa ìwé dé, ó tún ṣí i. "Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ kan ni kọ̀ǹpútà ẹ̀jẹ̀ fi ń rìn, èmi sì ń jókòó níhìn-ín, mò ń sọ pé àwọn míì kì í wo ẹ̀yìn."

"Bàbá mi..."

"Ta ló rí i?"

"Òun ni."

"Ó ti kọ ọ́ ránṣẹ́?"

"Kò tíì kọ ọ́. Ó ní òun máa kọ ọ́. Mo sì bá a jà."

"O bá a jà. Torí mi?"

"Torí yín."

Bàbá rẹ̀ mirí. "Ìjà ọ̀hún kò yẹ ẹ́, yèyé mi. Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ náà?"

"Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá."

"Níbo lo gbé áyọ́ọ̀nù sí?" bàbá wí, ó dìde. "Mo fẹ́ lọ aṣọ iṣẹ́ mi."

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ kò tíì lù nígbà tí Bàbá Wáyà wọ yàrá ẹ̀rọ nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tó ti ṣá ní ọrùn. Jẹ́jẹ́ dìde gíríì.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìwọ ni Jẹ́jẹ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi ń tọ wáyà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ má bínú, sà."

"Èmi ìbá lo mẹ́jọ," bàbá wí. Ó na ọwọ́. "Fún mi ní tọ́ọ̀ṣì."

Òun fúnra rẹ̀ ló tọ wáyà náà. Òun ló yọ ọ́ kúrò lára Ọ̀tún, èkejì rẹ̀ ń báṣẹ́ lọ, ó sì tì í bọ ihò kọkànlá lára Òsì. Iná aláwọ̀ ewé tàn níbẹ̀. Ó béèrè fún gègé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: Èmi ni mo gbé wáyà yìí, mo sì gbàgbé láti dá a padà. Mo dá a padà lónìí. Ó fọwọ́ sí i, ó ti ìwé náà sí Jẹ́jẹ́.

"Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kó o kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ. Má bu iyọ̀ sí i, má bu omi sí i."

Jẹ́jẹ́ gba ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ní aago mẹ́wàá, ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀. Ó rọra ti ọ̀nà Ọ̀tún, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, ó ń dúró láàárín wọn, títí gbogbo iṣẹ́ fi gba ara Òsì. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ka ọ̀nà sókè: mẹ́tàdínlógún, ó pé. Nígbà náà ni Jẹ́jẹ́ fi sọ́fítíwìa tuntun sínú Ọ̀tún, ó sì ní kó sùn, kó tún jí. Àwọn iná ara rẹ̀ kú pátápátá. Lóde, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kọjá, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì kan ń bèèrè àwòrán àyà ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, wọ́n sì ṣí i fún un lójú ẹsẹ̀.

"Jẹ́jẹ́," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ ọ́ sí i létí, "má bínú."

"Sí èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ó ti tán," ó ní, kò yíjú, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé "ẹ" ti lọ, etí rẹ̀ sì gbóná.

Ọ̀tún jí. Iná rẹ̀ tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kà: ọgbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló yẹ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó dúró síbẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Kọ̀ǹpútà àwòrán ni," Jẹ́jẹ́ wí. "Kò tíì rí ọ̀nà Ọ̀tún. Ó máa ń pẹ́ kó tó wẹ̀yìn."

Bàbá Wáyà ti ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀ nínú otútù yẹn. "Ọ̀kan péré," ó ní. "Ó máa padà, mo mọ̀ ọ́n. Wọn kò ní mọ̀. Bọ́ sórí Òsì, ká parí ẹ̀."

"Kò tíì pé, sà."

"Mo ní mo mọ kọ̀ǹpútà yẹn! Èmi ni mo gbé e wá síbí!"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wo bàbá rẹ̀, ó wo Jẹ́jẹ́. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ni tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá wà nínú yàrá yẹn báyìí, àti pé ẹni tó ni ín ló ń sọ pé kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ. Jẹ́jẹ́ ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó gbé e lé orúnkún.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ lè lé mi nílé yín. Mi ò ní fọwọ́ kan Òsì títí yóò fi pé."

Fáànù ń kùn. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mí kanlẹ̀, ó sì kà á jáde bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ: "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Nígbà náà ni wọ́n tó ní kí Òsì náà sùn, òun náà sì jí padà pẹ̀lú gbogbo ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀sán ti ń kọjá nígbà tí Màmá Agbálẹ̀ yọjú pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ńlá tẹ́ ẹ ní ẹ máa ṣe lónìí yìí," ó ní, "aago mélòó lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

Bàbá Wáyà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Wọ́n jókòó sórí àga gígùn lẹ́yìn ilé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá wà láàárín. Oòrùn mú.

"Kì í ṣe pé mò ń dán ẹ wò o," bàbá wí lójijì. "Kó o má lọ rò pé ọgbọ́n àgbà ni. Ara mi ni kò gbà á mọ́. Ká ní èmi ni mo wà nídìí ẹ̀ ni, ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́."

"Ó máa ń ṣe gbogbo wa bẹ́ẹ̀, sà."

"Ìwọ kò tẹ̀ ẹ́." Ó nu ojú. "Mo ṣèlérí pé màá gbọ́. Sọ̀rọ̀."

"Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, sà. Ìlú míì ni wọ́n ń rán mi lọ láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n dúró síhìn-ín, wọ́n ní rárá. Torí náà, mo ti kọ lẹ́tà pé mò ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà nínú àpò mi níbí. Màá wá iṣẹ́ míì nítòsí yín, kí ó má baà fi yín sílẹ̀."

"Fa lẹ́tà yẹn ya."

"Bàbá mi!" Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ké.

"Fà á ya, mo ní. Àwọn ilé ìwòsàn ibòmíì náà ní ẹni tó wà lórí tábìlì." Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ tó fi jẹ́ pé ó ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. "Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ lo ti ń fi èjìká tì mí kí n má baà ṣubú. Mo mọ̀. Mo dákẹ́ nítorí ó dùn mọ́ mi. Yèyé mi, mo ti dúró. Mi ò ní ṣubú mọ́. Bí ó bá wù ẹ́, tẹ̀lé e lọ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Ta ló máa wá máa se tíì yín?"

"Kí ló le nínú tíì? Omi gbígbóná ni."

"Ẹ kì í rántí pa iná."

"Màmá Agbálẹ̀ máa pa á. Ó fẹ́ràn láti máa bú mi."

Jẹ́jẹ́ ti fa lẹ́tà náà ya sí méjì, ó ń wá ibi tí yóò jù ú sí, kò rí, ó kó o padà sápò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ síwájú, kó lè rí ojú ọmọbìnrin náà lódì kejì bàbá.

"Ṣé wàá bá mi lọ?"

"Màá bá ẹ lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ó máa padà wá wo bàbá mi."

"Oṣù méjì-méjì," Jẹ́jẹ́ wí.

Bàbá Wáyà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì, ó gbá ọwọ́ wọn mú, ó kó wọn jọ sórí orúnkún ara rẹ̀, ó sì gbé tirẹ̀ lé e. Ó dijú nínú oòrùn. Wọn kò sì yọ ọwọ́ náà, títí tó fi sùn lọ láàárín wọn.